Òbìrí àti ìlà: bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ipasẹ̀ àṣìṣe dókítà

Ọmọbìnrin mẹ́rìnlá ló sá lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọdún 1932 ni, ní ilé ìtúnwàṣe ìjọba tó wà ní ìlú Hudson, ìpínlẹ̀ New York. Ẹlòmíràn ì bá máa wá ẹni tó ya ìpáǹle jù nínú wọn. Jacob Moreno, dókítà tí wọ́n bí ní Bucharest tó sì kẹ́kọ̀ọ́ ní Vienna, kò gba ibẹ̀ wò ó. Òun àti Helen Jennings ti bi àwọn ọmọ náà léèrè ẹni tí wọ́n fẹ́ bá gbé àti ẹni tí wọn ò fẹ́ rí sójú. Ó ya ọmọ kọ̀ọ̀kan ní òbìrí kékeré, ó fa ìlà láti ọ̀dọ̀ ẹni tó yàn dé ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n yàn. Ó ní orí àwọn ìlà wọ̀nyí ni èrò àtisá náà gbà láti ọ̀dọ̀ ọmọ kan dé ọ̀dọ̀ èkejì. Ní oṣù kẹrin ọdún 1933 ó gbé àwòrán rẹ̀ síwájú ìpàdé àwọn dókítà New York, ìwé ìròyìn sì gbé e.

Àwọn dókítà tó ń wo àwòrán ọmọ ọlọ́mọ kò mọ̀ pé ó ń bọ̀ wá kàn wọ́n. Ní àwọn ọdún 1950, James Coleman, Elihu Katz àti Herbert Menzel láti Yunifásítì Columbia lọ sí ìlú mẹ́rin ní Illinois, wọ́n sì bi àwọn dókítà ibẹ̀ pé: ta lẹ máa ń lọ gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ rẹ̀? Ta lẹ jọ máa ń sọ̀rọ̀ aláìsàn? Ta lọ̀rẹ́ yín? Wọ́n tún wọ ilé ìtajà oògùn, wọ́n yẹ àkọsílẹ̀ wò láti mọ ọjọ́ tí dókítà kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ kọ oògùn tuntun kan fún aláìsàn. Ilé iṣẹ́ Pfizer ló fẹ́ mọ̀. Ọjà ló ń wá. Àwọn tí ẹlẹgbẹ́ wọn pọ̀ ló kọ́kọ́ lò ó. Bí oògùn bá lè gba orí ọ̀rẹ́ kọjá, kí ni kò ní jẹ́ kí àṣìṣe àti àìbìkítà dókítà gba ibẹ̀ pẹ̀lú?

Ṣùgbọ́n kò sí àkọsílẹ̀ tí wọ́n lè fi wádìí ìyẹn. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Amẹ́ríkà ló ń fún dókítà tirẹ̀ níwèé àṣẹ. Ẹni tí ẹjọ́ bá ká mọ́ níhìn-ín á di ẹrù rẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ lọ́tun lọ́hùn-ún. Òfin 1986 tí Ron Wyden gbé wá sílé aṣòfin ló dá àkójọ àkọsílẹ̀ kan lórí àwọn dókítà sílẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 1990. Owó gbà-máà-bínú tí wọ́n bá san fún aláìsàn tó fẹjọ́ dókítà sùn, ìbáà kéré, wọn yóò kọ ọ́ síbẹ̀. Ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó gba dókítà, kó sì tún wò ó ní ọdún méjì-méjì. (Pé wọ́n sanwó kò fi hàn pé dókítà jẹ̀bi o, nígbà mìíràn, kí ẹjọ́ lè tán ni.)

Ní 2016, David Studdert àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka ohun tó wà níbẹ̀ láti 2005 dé 2014: ìgbà 66,426 ni wọ́n san owó gbà-máà-bínú lórí dókítà 54,099. Nínú gbogbo dókítà Amẹ́ríkà, nǹkan bí ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún ló ni ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún ìsanwó náà. Igi wọ́rọ́kọ́ tí ń da iná rú. Iye igi nìkan ni ìṣirò yẹn sọ, kò sọ igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ààrò, èyí tí Moreno ì bá kọ́kọ́ béèrè.

Ìlà wà níbòmíràn. Bruce Landon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìwé owó Medicare, ètò ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà, ya tiwọn ní 2012: dókítà méjì tó bá tọ́jú aláìsàn kan náà, ìlà so wọ́n pọ̀. Òbìrí wà nínú àkójọ 1990, ìlà wà nínú Medicare. Nínú ẹ̀dà àkójọ náà tí ará ìta lè rí, nọ́ńbà lásán ló dúró fún dókítà kọ̀ọ̀kan. Orúkọ tí ì bá so méjèèjì pọ̀, wọ́n ti yọ ọ́.