Họ́ọ̀sì Epo Tí Kò Jò Ni Kí Ẹ Bẹ̀rù

Ẹjọ́ kan náà ni àwọn oní-ọkọ̀ ojú omi ń gbé wá bá èmi mẹkáníìkì wọn, láti Bàyékù títí dé Ẹ̀pẹ́: ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní èbúté, ṣùgbọ́n bí ó bá dé àárín ọ̀sà tí awakọ̀ sì fẹ́ kí ó sáré, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, agbára rẹ̀ yóò lọ sílẹ̀, nígbà mìíràn yóò kú pátápátá. Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi, wọn yóò ti ra plọ́ọ̀gì tuntun, wọn yóò ti jẹ́ kí ẹnìkan tú kabúrétọ̀, ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀, palẹ̀, àwọn mìíràn yóò sì ti da ọtí jíìnì sórí ẹ́ńjìnnì nítorí wọ́n gbà pé ayé ló ń bá wọn jà. Bí mo bá wá béèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ họ́ọ̀sì epo gbẹ̀yìn, ìdáhùn kan ṣoṣo ni mo máa ń gbọ́: "Ọ̀gá, họ́ọ̀sì kò jò." Ìdáhùn yìí gan-an ló mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí họ́ọ̀sì tó ń jò síta kò burú tó èyí tí kò jò rárá, ṣùgbọ́n tó ń fa afẹ́fẹ́ sínú.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí epo ṣe ń rìn. Pọ́ńpù epo wà lára ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, kò sí nínú táńkì. Kì í ti epo, ńṣe ló ń fà á, agbára tó sì fi ń fà á kò tó nǹkan, nítorí awọ rọ́bà tín-ín-rín kan tó ń lọ sókè sódò nípasẹ̀ èémí inú ẹ́ńjìnnì ni gbogbo agbára náà. Láti inú táńkì títí dé ẹnu pọ́ńpù yìí, bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, afẹ́fẹ́ ìta ń wá ọ̀nà wọ inú họ́ọ̀sì. Ẹni tó bá ń fi sítíróò tó ti sán mu ohun mímu mọ ohun tí mò ń sọ: ohun mímu kò kán sílẹ̀, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ló ń wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Bí rọ́bà òrùka kékeré inú kọnẹ́tọ̀, ìyẹn ohun tó so họ́ọ̀sì mọ́ táńkì àti mọ́ ẹ́ńjìnnì, bá ti gan, tàbí bí kílípù bá ti tú díẹ̀, ọwọ́ yín yóò gbẹ nígbà tí ẹ bá fi nu ibẹ̀, ẹ ó sì lọ sọ fún ara yín pé kò jò. Ní èbúté, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń rọra yí, epo díẹ̀ ló ń béèrè, èyí tó ń rí sì tó o. Ìgbà tí ẹ bá yí ọwọ́ rẹ̀ dé òpin, tí èrò kún inú ọkọ̀, tí epo tó ń béèrè di ìlọ́po ìlọ́po, nígbà náà ni afẹ́fẹ́ yóò gba àyè epo.

Ohun tó mú kí èyí burú fún wa lórí ọ̀sà ni irú ẹ́ńjìnnì tí a ń lò. Yamaha Enduro 40 tó wọ́pọ̀ lórí omi wa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní ibi tí a ń da ọ́ìlì sí lọ́tọ̀ láti fi mú inú wọn yọ̀. Ọ́ìlì tí a pò mọ́ epo, lítà 1 sí lítà 50, ni písítìnì ń rí. Nítorí náà, ẹ́ńjìnnì tí epo kò tó, ọ́ìlì kò tó o pẹ̀lú, ó sì tún ń gbóná ju bó ṣe yẹ lọ nítorí afẹ́fẹ́ ti pọ̀ ju epo. Irin yóò máa ha irin títí písítìnì yóò fi lẹ̀ mọ́ ara sílíńdà. Àwọn tó ń sọ pé ọ́ìlì ayédèrú ló ba ẹ́ńjìnnì wọn jẹ́ lè jàre nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n nínú àwọn tí mo tú palẹ̀, inú họ́ọ̀sì ni mo ti rí okùnfà rẹ̀ jù.

Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ nípa àwọn ayédèrú mẹkáníìkì tó ń jókòó sí èbúté pẹ̀lú pílíásì kan àti wáyà. Àwọn ló ń gé rọ́bà inú táyà di ọ̀já tí wọ́n fi ń we họ́ọ̀sì. Àwọn ló ń fi ọṣẹ ìfọṣọ dí ibi tó sán, bẹ́ẹ̀ omi ni ọkọ̀ ń rìn lórí rẹ̀, omi ni yóò sì fọ ọṣẹ náà lọ. Àwọn ló ń fi gọ́ọ̀mù kun ojú kọnẹ́tọ̀; epo yóò mú kí gọ́ọ̀mù náà rọ̀, èérún rẹ̀ yóò sì bá epo lọ dí àwọn ihò wẹ́wẹ́ inú kabúrétọ̀. Wáyà tí wọ́n fi ń dè é a máa gé họ́ọ̀sì sínú. Iṣẹ́ tí a fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ lẹ́sẹ̀ ọ̀gá kọ́ ni èyí, inú mi kì í sì í dùn láti gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní mẹkáníìkì.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé, pọ́ńpù ọwọ́, ìyẹn rọ́bà roboto tí ẹ máa ń tẹ̀ láàárín họ́ọ̀sì, ni kí ẹ kọ́kọ́ bi léèrè. Ọfà ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sí ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì gbé e dúró kí ọfà náà kọjú sókè nígbà tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́. Bí kò bá le lẹ́yìn tí ẹ ti tẹ̀ ẹ́ dáadáa, yálà ilẹ̀kùn kékeré méjì inú rẹ̀ ti bàjẹ́, tàbí afẹ́fẹ́ ń wọlé lẹ́yìn rẹ̀, tàbí epo ń jáde níbì kan níwájú. Bí ó bá pẹlẹbẹ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, epo ni kò rí ọ̀nà wá láti ẹ̀yìn: bóyá ihò afẹ́fẹ́ orí ọmọrí táńkì wà ní dídé, bóyá àsẹ́ ìsàlẹ̀ táńkì ti dí, tàbí kí awọ inú họ́ọ̀sì ti ṣí kúrò lára rẹ̀ kí ó sì wó dí ọ̀nà, èyí tí ojú kò lè rí láti ìta. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Bí ẹ bá tẹ pọ́ńpù ọwọ́ gan-an, iwájú rẹ̀ nìkan ni ẹ ń dán wò, nítorí ibẹ̀ ni epo ti ń tì. Láti táńkì dé pọ́ńpù ọwọ́, ìfà nìkan ló wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, kò sì sí títẹ̀ tó lè mú kí ó jò kí ẹ rí i. Ìdí nìyí tí èmi fi máa ń fi họ́ọ̀sì kúkúrú tó mọ́ bíi dígí sí iwájú pọ́ńpù epo, tí a ó gbé ọkọ̀ wọ omi, tí a ó sì sáré rẹ̀ dé òpin. Bí a bá rí ìfófòó tó ń sáré kọjá nínú rẹ̀, ẹjọ́ ti parí, a ó sì yọ họ́ọ̀sì kúkúrú náà kúrò, nítorí kò lè pẹ́ nínú epo.

Ẹ má ra họ́ọ̀sì omi, ẹ má sì ra èyí tí wọ́n fi ń fa gáàsì ìdáná. Ẹ wo ara họ́ọ̀sì fún àkọlé SAE J1527, èyí tó jẹ́ ti epo ọkọ̀ ojú omi. Àwọn ẹ́ńjìnnì ńlá sábà máa ń fẹ́ èyí tí ihò rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 9.5, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù yóò fi ebi pa wọ́n. Kílípù tí kì í dípẹtà ni kí ẹ lò, nítorí iyọ̀ ọ̀sà máa ń pọ̀ sí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ sì rántí epo tí mẹ́tánọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀, tó wọ Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022: irú epo bẹ́ẹ̀ a máa mú kí rọ́bà wú, a sì máa sọ ọ́ di jẹ́gẹ́jẹ́gẹ́.

Oní-ọkọ̀ èrò kan wà ní ìhà Ìkòròdú tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa ń kọ̀ ní ojú ibì kan náà lórí ọ̀sà. Ó ti gbà pé nǹkan kan wà nísàlẹ̀ omi níbẹ̀. Wòlíì gbàdúrà sí i, adáhunṣe so nǹkan mọ́ ọn, ayédèrú mẹkáníìkì sì fẹ ihò inú kabúrétọ̀ rẹ̀ kí epo lè pọ̀ sí i. Ojú ibẹ̀ kò ní nǹkan kan ju pé ibẹ̀ ni koríko ojú omi ti ń parí, tí awakọ̀ ti ń yí ọwọ́ dé òpin. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, tí èrò kún, tí ilẹ̀ sì ti ń ṣú, ní àkókò tí NIWA àti LASWA, àwọn àjọ ìjọba àpapọ̀ àti ti Èkó tó ń bójú tó ìrìnnà ojú omi, kò fẹ́ kí ọkọ̀ èrò wà lójú omi mọ́, písítìnì òkè lẹ̀ pa. Ọkọ̀ tí kò ní ẹ́ńjìnnì a máa dá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ ìgbì. Ìgbì gbá a, àwọn èrò dìde lẹ́ẹ̀kan náà sí apá kan, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ọpẹ́lọpẹ́ ọkọ̀ oníyanrìn kan tó ju okùn sí wọn. Àwọn tó wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì nínú wọn kò tó ìdajì. Nígbà tí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì náà dé ọ̀dọ̀ mi, mo yọ kọnẹ́tọ̀ rẹ̀ níṣojú oní-ọkọ̀: rọ́bà òrùka kan ti já sọnù pátápátá. Mo ní, "Alàgbà, ẹ wò ó." Kò lè sọ̀rọ̀.

Bí ẹ bá ń ṣe iṣẹ́ èrò lójoojúmọ́, ẹ máa pààrọ̀ họ́ọ̀sì, pọ́ńpù ọwọ́, kọnẹ́tọ̀ méjèèjì àti kílípù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹ má ṣe mú ọ̀kan kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀. Ẹ gé họ́ọ̀sì àtijọ́ sí wẹ́wẹ́ kí ẹ tó jù ú nù, nítorí bí ó bá wà ní gígùn, ẹnìkan yóò ṣà á ní èbúté, yóò sì lọ fi í sí ọkọ̀ mìíràn.