Fáàfù ọkàn: èyí tó ń dún àti èyí tí kì í dún

Lóru, nígbà tí wọ́n bá ti pa jẹnẹrétọ̀ tí gbogbo ilé sì dákẹ́, ẹni tó ní fáàfù àtọwọ́dá nínú àyà lè gbọ́ ọ: ká, ká, ká, bí aago ọwọ́ tí wọ́n gbé sínú abọ́. Ẹni tó sùn tì í náà lè gbọ́. Kò ní bátìrì, kò ní ẹ́ńjìnnì. Ilẹ̀kùn kékeré méjì ni. Ẹ̀jẹ̀ ló ń tì wọ́n ṣí, ẹ̀jẹ̀ kan náà ló sì ń tì wọ́n pa dé, ní nǹkan bí 100,000 ìgbà lójúmọ́.

Èkejì kì í dún. Awọ ni: fáàfù inú ọkàn ẹlẹ́dẹ̀, tàbí awọ tó bo ọkàn màlúù, tí wọ́n gé tí wọ́n sì rán mọ́ férémù. Mùsùlùmí tí kò fẹ́ ti ẹlẹ́dẹ̀ lè béèrè ti màlúù kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé.

Iṣẹ́ tí fáàfù ń ṣe kò gba àlàyé gígùn. Ó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lọ, kì í jẹ́ kó padà. Bó bá ń jò tàbí tó há, ọkàn á máa làálàá títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Bí èèyàn ṣe ń yan èyí tí wọ́n máa fi rọ́pò rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn èèyàn máa ń sọ ọ́ bí ẹni ń ra táyà: èwo ló ń pẹ́ jù? Ìbéèrè yẹn kò dé ìdí ọ̀rọ̀. Gbèsè méjì ló wà nílẹ̀, aláìsàn á sì mú èyí tó bá lè san.

Fáàfù tó ń dún dà bí àjọ ojoojúmọ́. Owó tí alájọ ń gbà kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí kì í wá, kò sì sí ọjọ́ tí yóò sọ pé ó tó. Ti àjọ tilẹ̀ sàn, èèyàn ń retí ọjọ́ tí yóò kó o. Ti fáàfù yìí kò ní ọjọ́ kíkó. Àbí ká kúkú sọ pé aláìsàn ń kó o lójoojúmọ́, nítorí pé ó jí láàárọ̀. Èyí tí kì í dún ní tirẹ̀ dà bí owó tí èèyàn yá lọ́wọ́ ẹni tí kì í pè, tí kì í ránṣẹ́, tó wá kan ilẹ̀kùn lẹ́yìn ọdún 12 pé gbogbo rẹ̀ ni òun ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Àyà á tún di ṣíṣí.

Ọ̀pọ̀ ń pe èyí tó ń dún ní ti irin, ṣùgbọ́n irin kọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é mọ́. Èyí tí dókítà Albert Starr àti ẹnjiníà Lowell Edwards gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1960 jẹ́ bọ́ọ̀lù nínú àgò wáyà. Ti òde òní, tí irú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1977, jẹ́ ilẹ̀kùn méjì tó rí bí ìlàjì òṣùpá, tí wọ́n fi kábọ̀nù ṣe, irú kábọ̀nù líle tí wọ́n kọ́kọ́ ń fi bo epo iná átọ́míìkì. Kì í tètè gbó; ó lè pẹ́ láyé ju ẹni tó ni ín lọ. Àbùkù rẹ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ mọ̀ pé àlejò ni. Ẹ̀jẹ̀ á fẹ́ dì mọ́ ọn lára, ìdì yẹn sì lè já, kó gbéra lọ sínú ọpọlọ, kó di rọpárọsẹ̀, tàbí kó há ilẹ̀kùn náà mọ́ ibi tó wà.

Nítorí náà, wáfárìn, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, títí ayé. Àwọn oògùn tuntun tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì kò tíì lè gba ipò rẹ̀ níbí. Wọ́n dán ọ̀kan nínú wọn, dabigatran, wò lára àwọn tó ní irú fáàfù yìí, wọ́n sì tètè dá ìdánwò náà dúró. Èsì tó jáde ní 2013 fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ dì lára wọn ju ti àwọn tó ń lo wáfárìn lọ, ó sì tún dà lára wọn jù. Apixaban tí wọ́n dán wò lẹ́yìn ìyẹn náà kò yege.

Ibí ni ọ̀rọ̀ kan ti ń bíni nínú. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kí aláìsàn máa lọ sílé, ẹnì kan á sọ fún un, nígbà míì nọ́ọ̀sì, nígbà míì aládùúgbò tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, pé kó má jẹ ẹ̀fọ́ mọ́. Kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan tẹ̀tẹ̀, kò gbọdọ̀ jẹ ṣọkọ, úgú ti di èèwọ̀. Nílé Yorùbá! Kí ló wá kù tí yóò fi jẹ iyán?

Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe àwọn èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, mẹ́rin pàtàkì nínú wọn ni kò sì lè parí láìsí fítámì K. Ká ní ẹ̀dọ̀ jẹ́ oko, kí fítámì K jẹ́ àdá. Àdá yìí ń kú ní gbogbo ìgbà tó bá ti gé igi kan. Òkúta kan wà létí oko tí wọ́n fi ń pọ́n ọn. Á tún mú, á padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí àdá díẹ̀ ṣe ń ro oko ńlá nìyẹn. Wáfárìn kò fọwọ́ kan àdá rárá. Òkúta ló ń gbé pa mọ́. Àdá á kú, kò ní sí ibi tí wọ́n máa pọ́n ọn, iṣẹ́ á falẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní tètè dì. Ẹ̀fọ́ ńkọ́? Ẹ̀fọ́ ń kó àdá tuntun wọ oko, èyí tó ti mú láti ọjà.

Ẹni tó bá ń jẹ ẹ̀fọ́ níwọ̀n kan náà lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, dókítà ti ka àdá tuntun rẹ̀ mọ́ ọn, yóò sì fi ìwọ̀n wáfárìn bá a mu. Ẹni tó sá fún ẹ̀fọ́ pátápátá ni kò ní àdá kankan nípamọ́. Ó lọ síbi ìsìnkú, ó jẹ àwo ẹ̀fọ́ rírò kan, agbára oògùn rẹ̀ já wálẹ̀. Ibà dè é fún ọjọ́ mẹ́ta, kò lè jẹun, agbára oògùn fò sókè. Ìkìlọ̀ tí wọ́n fún un ló ń fa ohun tí wọ́n ní àwọn ń dènà.

Ohun tó yẹ kí wọ́n máa pariwo lé lórí wà lórí àtẹ kẹ́míìsì: Flagyl. Inú ń run ẹnì kan, ó ra Flagyl láìbi ẹnikẹ́ni léèrè, oògùn yẹn kò sì jẹ́ kí ara tètè lo wáfárìn tán. Wáfárìn tó yẹ kó ti jáde dúró, ti òní tún gun orí rẹ̀. Aspirin àti ibuprofen náà ní ewu tiwọn, bẹ́ẹ̀ náà ni àgbo tí kò sẹ́ni tó kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sára ìgò.

Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣọ́ gbogbo èyí ni INR. Láàbù á gba ẹ̀jẹ̀, á fi èròjà kan sí i tó ń mú un dì, á wá ka iye ìṣẹ́jú àáyá tó gbà. Láyé ọjọ́un, èròjà láàbù kan lè lágbára ju ti èkejì lọ, tí ẹ̀jẹ̀ kan náà á fi mú nọ́ńbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ jáde nílùú méjì, bí ìgbà tí ìdí kóńgò gàrí ọjà kan bá wọnú ju ti ọjà kejì. Ní 1983, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, gba ọ̀nà kan wọlé: olúkúlùkù á mọ bí kóńgò tirẹ̀ ṣe kéré tàbí tóbi sí ti àjùmọ̀lò, á sì fi ṣírò. Kò sí ẹ̀rọ tuntun níbẹ̀, ìṣirò lásán ni, síbẹ̀ òun ló jẹ́ kí aláìsàn lè ṣe àyẹ̀wò n'Íbàdàn kí dókítà rẹ̀ ní London sì mọ ohun tó ń kà. Ẹni tí kò lo wáfárìn máa ń wà ní nǹkan bí 1. Fún fáàfù aortic, tó wà lẹ́nu ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde lọ sí ara, 2 sí 3 ni wọ́n sábà máa ń fẹ́. Fún mitral, tó wà láàárín yàrá òsì méjèèjì, 2.5 sí 3.5, torí ẹ̀jẹ̀ ń falẹ̀ níbẹ̀.

Fáàfù awọ kò béèrè gbogbo èyí. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ tó ní in kì í nílò wáfárìn mọ́, àfi bí ọkàn wọn bá ń lù ségesège. Oníṣẹ́ abẹ ará Faransé kan, Alain Carpentier, ló sọ ọ́ di ohun tó ṣeé gbára lé: ó ń rẹ awọ náà sínú glutaraldehyde, èròjà tí àwọn tó ń ṣe awọ bàtà náà mọ̀. Awọ ewúrẹ́ tútù á jẹrà. Èyí tí oògùn ti wọ̀ lára á di bàtà. Ṣùgbọ́n bàtà kì í wo ara rẹ̀ sàn. Kalisíọ̀mù á máa bà lé awọ inú ọkàn yìí díẹ̀díẹ̀, á máa gan, títí yóò fi dà bí bàtà tí òjò pa tí oòrùn sì tún pa. Ó kéré tán, ó ń kìlọ̀: èémí á kọ́kọ́ máa kúrú lórí àtẹ̀gùn. Ti kábọ̀nù, tí ẹ̀jẹ̀ bá dì há a, kì í ránṣẹ́ ṣáájú.

Ara ọ̀dọ́ ló ń tètè ba fáàfù awọ jẹ́, torí pé kalisíọ̀mù ń ṣiṣẹ́ kíkan kíkan lára rẹ̀, àwọn ọmọ ogun ara rẹ̀ náà sì jí pépé. Èyí tó lè lo ọdún 15 lára ẹni 70 lè má lo 10 lára ẹni 25. Ìdí nìyẹn tí ìlànà Amẹ́ríkà ti 2020 fi sọ nípa fáàfù aortic pé kábọ̀nù ló yẹ ẹni tí kò tíì pé 50, awọ ló yẹ ẹni tó ti ju 65 lọ, kí àwọn tó wà láàárín bá dókítà jókòó.

Gbèsè ńlá yẹn náà ti ń rọ̀ fún àwọn kan. Láti 2002 tí Alain Cribier ti gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ gbé fáàfù dé ọkàn ní ìlú Rouen, wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń ki fáàfù tuntun sínú èyí tó gbó láìṣí àyà. Ilẹ̀kùn nínú férémù ilẹ̀kùn ni, ojú ọ̀nà ń kéré sí i, nítorí náà bí oníṣẹ́ abẹ bá ṣe ri ti àkọ́kọ́ ló ń sọ bóyá àyè máa wà fún èkejì.

Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ tó nílò fáàfù tuntun kì í ṣe arúgbó. Ọ̀nà ọ̀fun ló dùn wọ́n ní kékeré, tí wọn kò tọ́jú, tí ara tó ń bá kòkòrò streptococcus jà sì yí ìjà náà sórí ọkàn. Ọjọ́ orí wọn ní kí wọ́n gba kábọ̀nù. Ṣùgbọ́n wáfárìn ń kọjá sí ọmọ inú oyún, ó sì lè ba ẹ̀dá rẹ̀ jẹ́, pàápàá láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 12. Abẹ́rẹ́ heparin, tí òun náà kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kì í kọjá, àmọ́ kì í ṣọ́ fáàfù tó wáfárìn. Obìnrin ẹni ọdún 24 tó fẹ́ bímọ lè mú awọ, kó sì mọ̀ dájú pé wọ́n máa tún òun là kí òun tó pé 40. Ẹni tó ń gbé níbi tí láàbù tó ń ṣe INR ti jìn ní ìrìn wákàtí mẹ́ta náà lè mú un, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o. Níbẹ̀rẹ̀, ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n máa ní kó wá ṣe àyẹ̀wò. Bó bá ti dúró, oṣooṣù. Àlọ àti àbọ̀, wákàtí mẹ́fà nínú ọkọ̀, kí wọ́n tó gba ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan.