Kí Ẹ Tó Gún Kátíríìjì Yín Lábẹ́rẹ́

Nínú ọyẹ́ tó kọjá, obìnrin kan gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó dì í mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá. Olùkọ́ ni. Ilé ló ti ń tẹ ìbéèrè ìdánwò fún àwọn ọmọ lẹ́sìnnì rẹ̀.

"Ẹńjiníà, ẹ bá mi rọ ínkì sí i. Ó ti tán pátápátá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ra kátíríìjì tuntun láàárín oṣù méjì."

Mo ní kó jókòó. Mo yọ kátíríìjì dúdú, ìyẹn ike tí ínkì dúdú wà nínú rẹ̀, mo gbé e sọ́wọ́. Ó wúwo. Ẹni tó bá ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí máa ń fọwọ́ mọ èyí tó ti ṣófo. Mo ká tíṣù ní ìṣẹ́po mẹ́rin, mo fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rin ín, mo sì gbé ẹnu kátíríìjì náà lé e fún bí ìṣẹ́jú méjì. Nígbà tí mo máa gbé e kúrò, ìlà dúdú kan ti fà sórí tíṣù náà, ó ń dán bí tírò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Mo dá kátíríìjì padà sáyè rẹ̀, mo tẹ ojú ìwé kan, gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì jáde kedere. Obìnrin náà ń wò mí bí ẹni tó rí onídán.

Ínkì ò tán. Ẹnu rẹ̀ ló gbẹ.

Ọ̀rọ̀ kan náà ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé irú ẹ̀rọ yìí wá máa ń sọ, pé ínkì ti tán. N kò tíì gbọ́ kí ẹnì kan sọ pé ẹnu rẹ̀ ti gbẹ. Ẹ dojú kátíríìjì HP tàbí Canon kékeré dé, ẹ máa rí irin pẹlẹbẹ kan níbẹ̀. Ihò tó wà lára irin yẹn pọ̀ ní ọgọ́ọ̀rọ̀ọ̀rún, wọ́n sì tín-ín-rín ju irun orí lọ. Lẹ́yìn ihò kọ̀ọ̀kan, nǹkan kan wà tó máa ń gbóná lójijì. Bó bá ti gbóná, ínkì tó kàn án á hó, ooru á wú bí ọṣẹ tí ọmọdé ń fẹ́, á sì ti ẹ̀kán ínkì kan jáde sórí ìwé. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Lọ́dún 1977, nílé iṣẹ́ Canon ní Jàpáàn níbi tí Ichiro Endo ti ń ṣe ìwádìí, irin sọ́dà tó gbóná ṣèèṣì kan abẹ́rẹ́ síríńjì tí ínkì wà nínú rẹ̀, ínkì sì ta jáde fììrì. Ibẹ̀ ni Canon ti rí ọgbọ́n yìí. Ẹ̀rín máa ń pa mí bí mo bá rántí pé síríńjì ló bí i, síríńjì náà la ṣì fi ń bọ́ ọ títí dòní.

Ibẹ̀ náà ni ẹ ti máa mọ ìdí tí kò fi yẹ kí ẹ máa tẹ̀wé lọ nígbà tí ìwé bá ti ń jáde ní funfun. Ínkì tó ń gba ibẹ̀ kọjá ló ń tu nǹkan tó ń gbóná yẹn lára. Bí ínkì ò bá sí ńbẹ̀, ìkòkò òfìfo lẹ gbé kaná, yóò sì jó. Kátíríìjì tó bá ti jó báyìí, bí ẹ rọ odidi ìgò ínkì sí i, kò níí sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí orí ìtẹ̀wé yín wà kí ẹ tó náwó sí ohunkóhun. Orí ni àwa oníṣẹ́ ń pe ibi tí ínkì ti ń jáde. Nínú HP DeskJet kéékèèké, irú bíi 2130, 2135 àti 2320, àti nínú Canon PIXMA MG2540S, ara kátíríìjì gan-an ni orí wà. Bí ẹ bá ra kátíríìjì tuntun, ẹ ra orí tuntun nìyẹn. Àmọ́ àwọn Epson oníkòtò ínkì, L3110, L3250 àti ẹbí wọn, inú ẹ̀rọ ni orí tiwọn wà, ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń gbé ínkì lọ bá a. Kì í se ínkì hó rárá. Ohun kan ló wà níbẹ̀ tó máa ń ká kò bí iná mànàmáná bá kàn án, tó sì máa ń fún ínkì jáde. Ẹni tó ni HP lè fi kátíríìjì ṣàṣìṣe, kó jù ú nù, kó sì ra òmíràn. Ẹni tó ni Epson kò gbọdọ̀ dán irú rẹ̀ wò, nítorí owó orí tuntun fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ẹ̀rọ mìíràn.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ olùkọ́ wa. Mo bi í pé báwo ló ṣe ń pa ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ní, "Ara ògiri ni mo ti ń pa á, kí iná NẸ́PÀ má baà jó o." Àṣírí tú! Bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá parí iṣẹ́, tí ẹ sì fi bọ́tìnnì ara rẹ̀ pa á, á gbé orí rẹ̀ lọ sí ìpẹ̀kun lọ́wọ́ ọ̀tún, rọ́bà kan á sì bò ó lẹ́nu bí ọmọrí ṣe ń bo ìkòkò ọbẹ̀. Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, tàbí tí ẹ bá já a ní ògiri, àárín ọ̀nà ni orí máa dúró sí, ẹnu rẹ̀ á sì wà ní ṣíṣí. Ọyẹ́ tó ń bẹ́ èèyàn létè, kí lẹ rò pé yóò ṣe fún ihò tó tín-ín-rín ju irun lọ? Nítorí náà, bí iná bá mú un lójú iṣẹ́, tó sì padà dé, ẹ tan ẹ̀rọ náà, ẹ jẹ́ kó gbé orí rẹ̀ lọ sí ibi ìsinmi, kí ẹ wá fi bọ́tìnnì ara rẹ̀ pa á. Lẹ́yìn èyí, ẹ lè já a ní ògiri bó bá wù yín. Kí ẹ sì máa tẹ ojú ìwé kan tó ní gbogbo àwọ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ìbáà jẹ́ àwòrán òdòdó lásán.

Ní oṣù Ẹrẹ́nà, obìnrin náà padà wá. Lọ́tẹ̀ yìí, ínkì ti tán lóòótọ́. Ohun tó wú mi lórí ni pé ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la ọ̀rọ̀ rẹ̀ láàárín ni, kò tíì tẹ̀ ẹ́ dé ojú funfun. Ìgbà tó yẹ ká rọ ọ́ nìyẹn.

DeskJet 2135 ni tirẹ̀, kátíríìjì HP 652 ló ń lò. HP ní dúdú rẹ̀ máa tẹ bí ojú ìwé 360, bíi mílílítà 6 péré ló sì wà nínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Ẹni tó ni DeskJet 2320, HP 305 ni tiyín: dúdú rẹ̀ jẹ́ ti ojú ìwé 120, XL rẹ̀ jẹ́ ti 240, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n ike kan náà ni àwọn méjèèjì. Ohun tí wọ́n bù sí i ló yàtọ̀. Bí mo bá ń rọ èyí tí kì í ṣe XL, mo máa ń fún un ní oúnjẹ XL.

Mo tẹ́ ìwé ìròyìn àtijọ́ sórí tábìlì, mo wọ ìbọ̀wọ́, mo já síríńjì tuntun tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì. Mo ṣí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ orí kátíríìjì, mo rọra ṣí i nítorí a ṣì máa dá a padà, ihò sì hàn lábẹ́ rẹ̀. Inú ike yẹn, fóòmù ló kún ibẹ̀. Ẹ ki abẹ́rẹ́ bọ fóòmù yẹn dé ìdajì, ẹ má jẹ́ kó kan ìsàlẹ̀, torí asẹ́ kan wà níbẹ̀ tí abẹ́rẹ́ lè dá lu. Kí ẹ wá máa tì í díẹ̀díẹ̀. Fóòmù kì í yára mu. Ẹni tó bá kánjú tì í, afẹ́fẹ́ ló ń tì mọ́ ọn, afẹ́fẹ́ yẹn ló sì máa dí ọ̀nà nígbà tó bá yá. Bí ẹ bá rí i tí ínkì ń dán lẹ́nu ihò, ó ti yó. Ẹ fa díẹ̀ padà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bà á jẹ́ ni pé wọ́n á mú sẹ́lótéèpù, wọ́n á dí ihò náà pinpin. Ẹ rántí agolo mílíìkì: bí ẹ bá lu ihò kan ṣoṣo, mílíìkì kì í dà, àfi kí ẹ lu ìkejì kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Bí kátíríìjì náà ṣe rí nìyẹn. Bébà tí a ṣí lẹ́ẹ̀kan ní ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbà, ẹ dá òun gan-an padà. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ẹnu kátíríìjì lé tíṣù gbígbẹ títí tí kò fi ní kán tó mọ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ tíṣù ni o, ẹ má fà á, ẹ má fi nu. Bí ínkì bá sì ta sára àwọn ojú bàbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ fi aṣọ tí kò ní òwú, tó rin díẹ̀, nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ tó dá a padà sínú ẹ̀rọ.

Kátíríìjì aláwọ̀ ní yàrá mẹ́ta nínú: búlúù, pupa tó jọ ti òdòdó, àti yẹ́lò. Ihò mẹ́ta náà kì í tò bákan náà ní gbogbo mọ́dẹ́lì. Ẹ fi igi ìtayín tọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, ẹ nù ún sára tíṣù, kí ẹ mọ èwo ni èwo. Fún 652, mílílítà kan àbọ̀ tó fún yàrá kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, mo rọ ọ́ kún àkúnwọ́sílẹ̀, búlúù ṣàn wọ yàrá yẹ́lò, èmi ò mọ̀. Ìwé ètò ìgbéyàwó ni wọ́n fẹ́ fi tẹ̀. Fọ́tò ìyàwó jáde, ó rí bí ewé ẹ̀fọ́. Ọ̀gá mi ò lù mí, ṣùgbọ́n ó lẹ ìwé náà mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù fún odidi ọdún kan.

Ínkì wo lẹ fẹ́ rà? Lórí èyí ni mo ti máa ń le. Irú méjì ló wà. Èkíní dà bí aró: ó yòrò sínú omi pátápátá. Èkejì dà bí osùn tí a pò mọ́ omi: lúúlúú ni, ó kàn léfòó nínú omi ni. Dúdú HP tí mo ń sọ yìí, irú osùn ni, ìdí nìyẹn tí omi kì í fi tètè pa á rẹ́. Àwọn àwọ̀ mẹ́ta rẹ̀, irú aró ni. Epson L3110 ńkọ́? Aró ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, dúdú pẹ̀lú. Bí ẹ bá da osùn mọ́ aró nínú fóòmù kan, wọ́n lè dì pọ̀, kí wọ́n sì dí ihò. Ọjà kún fún ìgò tí wọ́n kọ sí lára pé ó bá gbogbo ẹ̀rọ mu. Ẹ má gbà á gbọ́. Ẹ fi ínkì náà fa ìlà kan sórí ìwé, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, kí ẹ kán omi kan lé e. Bó bá ṣàn, aró ni. Bó bá dúró gbọn-in, osùn ni.

Lẹ́yìn tí ẹ bá rọ ọ́ tán, kọ̀ǹpútà á ṣì máa pariwo pé kò sí ínkì. Ẹ má bá a jà. Ẹ̀rọ ò rí inú kátíríìjì, ẹ̀kán tó ti tu jáde ló ń kà. Lórí HP, ẹ tẹ OK, kí ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Canon MG2540S a máa fi E hàn, lẹ́yìn náà 1, lẹ́yìn náà 3 tàbí 6: ẹ tẹ bọ́tìnnì Stop mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 5 ó kéré tán, á sì gbà. Ohun kan ṣoṣo tí kò gba ẹ̀bẹ̀ ni HP+. Bí ẹ bá ń ra DeskJet tí lẹ́tà "e" wà lẹ́yìn nọ́ńbà rẹ̀, bíi 2720e, ẹ̀rọ á bi yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́ bóyá ẹ fẹ́ HP+. Bí ẹ bá gbà, ẹ ti ṣèlérí pé ínkì HP nìkan lẹ ó máa lò títí ayé ẹ̀rọ náà, kátíríìjì tí a tún rọ kò sì sí nínú àdéhùn yẹn. Èmi ò ní gbà.

Ti Epson ò le, sùúrù ló gbà. Ìgò 103 dúdú jẹ́ mílílítà 65, wọ́n sì ní ó máa tẹ bí ojú ìwé 4,500, nítorí náà kò sí ìdí láti máa wá gbàrọgùdù. Ẹ wo àwọ̀ ẹnu kòtò kí ẹ tó dà á. Bí ọwọ́ bá ṣìṣe, tí dúdú bọ́ sí yẹ́lò, ẹ má tẹ ìwé kankan, ẹ má sì ní kí ẹ̀rọ fọ orí ara rẹ̀. Ẹ fi síríńjì fa gbogbo rẹ̀ jáde kó tó wọ ọ̀pá rọ́bà. Fífọ orí pàápàá, ẹ má sọ ọ́ di àṣà, torí ínkì tó fi ń fọ̀ ń lọ sínú fóòmù ìdàlẹ̀ nísàlẹ̀ ẹ̀rọ. Ọjọ́ tí fóòmù yẹn bá kún, ẹ̀rọ máa kọṣẹ́. Bí ẹ bá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta tí ìlà ṣì ń já, ẹ pa á, kó sinmi fún wákàtí 12, kí ẹ tó tún gbìyànjú. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìsinmi yẹn ń tú u.

Kátíríìjì HP tàbí Canon kì í ṣe ohun tí a ń rọ títí láé. Bí ẹ bá gbé e lé tíṣù olómi, tí ìlà rẹ̀ fà dáadáa, ṣùgbọ́n tí ìwé ṣì ń jáde pẹ̀lú ojú funfun níbì kan náà, ara ló ti jó, ẹ ra tuntun. Bó bá sì jẹ́ ti aláwọ̀ ló kú, tí owó ò sí lọ́wọ́, tí ìbéèrè ìdánwò sì gbọ́dọ̀ délé ìwé lọ́la, ẹ yọ kátíríìjì aláwọ̀ náà kúrò nínú HP yín, kí ẹ sì pa ìlẹ̀kùn rẹ̀ dé. Dúdú nìkan á máa dá ṣiṣẹ́.