Ọjọ́ Ìdánrawò Ni Kí Ẹ Lọ Ya Ọ̀kẹ́sítírà

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ àwòrán yíyà lọ́dọ̀ mi ní Àkúrẹ́ ló máa ń fẹ́ ya ọ̀kẹ́sítírà, ẹgbẹ́ olórin ńlá tí olùdarí kan ń darí, lọ́jọ́ àṣeyẹ gan-an, nígbà tí gbogbo olórin bá ti wọ aṣọ dúdú. Ọjọ́ ìdánrawò ni mo máa ń ní kí wọ́n lọ. Lọ́jọ́ àṣeyẹ, orin ń sáré kọjá ni. Lọ́jọ́ ìdánrawò, olùdarí á dá wọn dúró, á ní kí wọ́n tún ibi kan náà ṣe títí yóò fi dán. Apá olórin tó gbéra lẹ́ẹ̀kan yóò tún gbéra. Tí ẹ bá ń ya apá kan tí kò parí, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá padà síbẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ padà.

Ẹ má ṣe fi ojú bẹ̀rẹ̀. Ìgúnpá ọ̀tún ẹni tó ń ta fáyólìnì ni kí ẹ wò. Okùn mẹ́rin ni fáyólìnì ní. Tó bá wà lórí èyí tí ohùn rẹ̀ wálẹ̀ jù, ìgúnpá á ga. Tó bá bọ́ sórí èyí tí ohùn rẹ̀ ga jù, ìgúnpá á sún mọ́ ìhà. Ìlà kan fún apá, ìlà kan fún ọ̀pá onírun tó fi ń fà á, ẹni tó mọṣẹ́ á ti mọ okùn tó ń ta. Ó dùn mọ́ mi ju kí imú jọ imú lọ. Ẹni tó ń lu tímpánì, ìlù ńlá bí ìkòkò, ló rọrùn jù láti yà: ó lè jókòó jẹ́ẹ́ fún ìgbà pípẹ́, kó máa fọkàn ka iye ìgbà tó yẹ kó fi dákẹ́ nínú orin.

Ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ olùdarí ṣáájú. Ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́, lápá ẹ̀yìn àwọn olórin, kí ẹ lè rí ojú rẹ̀. Pẹ́ńsùlù rírọ̀ bíi 4B tó, àti ìwé tí kì í pariwo téèyàn bá ń ṣí i.

Àwòrán inú ọkàn ńkọ́? Bí ṣẹ́lò, ìbátan fáyólìnì tó tóbi jù ú lọ, bá ń dún nísàlẹ̀, tí ìkùukùu orí òkè Ìdànrè sì wá sí yín lọ́kàn, ẹ yà á. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó ti ara ohun tó wà níwájú yín jáde: ẹ̀yìn àwọn onífáyólìnì tó tẹ̀ síwájú pọ̀ lè di ẹ̀gbẹ́ òkè náà. N ò fara mọ́ ọn kéèyàn ti gbé òkè láti ilé wá, kó wá fi orin ṣe àwáwí.

Edgar Degas, ayàwòrán ará Faransé, ṣe irú rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1870. Nínú àwòrán tó ya nípa àwọn olórin ilé ọ́pẹ́rà Paris, ó gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ Désiré Dihau, tó ń fọn básúùnù, fèrè gígùn tí ohùn rẹ̀ wálẹ̀, wá sí iwájú pátápátá, níbi tí kì í jókòó sí. Ó kó àwọn ọ̀rẹ́ tí kì í ṣe olórin rárá sáàárín wọn, ó sì gé orí àwọn oníjó tó wà lókè kúrò nínú àwòrán. Ó ṣí èèyàn nípò bó ṣe fẹ́, síbẹ̀ ojú èèyàn gidi tó ti wò dáadáa ló yà.

Kí ẹ tó dìde, ẹ kọ orúkọ orin náà àti ibi tí wọ́n ti dúró sábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin tó wà ní Oǹdó, wọ́n ń kọ́ orin ní yunifásítì Adéyẹmí. Ẹ lọ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń dánra wò.