Ìyapa Akọ àti Abo Nínú Eré Ọmọdé

Ìyapa akọ àti abo nínú eré ni ìwà kan tí àwọn onímọ̀ nípa ìdàgbàsókè ọmọ ti ń yẹ̀ wò láti ọjọ́ pípẹ́: bí àwọn ọmọdé bá ti ní àǹfààní láti yan ẹni tí wọn yóò bá ṣeré, ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin a máa wá ọmọkùnrin bíi tirẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin a sì máa wá ọmọbìnrin, láìjẹ́ pé àgbàlagbà kankan pín wọn níyà. Ní àkókò ìsinmi ráńpẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, ìwà yìí kì í fara sin. Àwọn ọmọkùnrin yóò ti gba àárín pápá fún bọ́ọ̀lù, wọn yóò ti fi òkúta méjì-méjì ṣe òpó góòlù, nígbà tí àwọn ọmọbìnrin yóò wà lẹ́bàá ògiri tí wọ́n ń ṣeré tẹ́ńtẹ́n, tàbí kí wọ́n ti fa ìlà súwè sílẹ̀. Bojúbojú ni ó sábà máa ń kó gbogbo wọn pọ̀, bóyá nítorí pé kò sí ẹni tí kò lè sá pamọ́.

Kì í ṣe ìgbà tí ọmọ bá wọ ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ń bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọdún 2 sí 3 ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti máa ń lè sọ bóyá ọkùnrin ni òun tàbí obìnrin, kò sì ní pẹ́ lẹ́yìn náà tí yíyan ẹlẹ́gbẹ́ yóò fi hàn lára wọn. Eleanor Maccoby àti Carol Jacklin, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, tẹ̀ ìwádìí kan jáde ní ọdún 1987. Nígbà tí àwọn ọmọ tí wọ́n wò jẹ́ ẹni ọdún 4 àti ààbọ̀, àkókò tí wọ́n ń lò pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ọkùnrin tàbí tí wọ́n jọ jẹ́ obìnrin tó ìlọ́po 3 àkókò tí wọ́n ń lò pẹ̀lú àwọn yòókù. Nígbà tí wọn yóò fi di ẹni ọdún 6 àti ààbọ̀, ó ti di ìlọ́po 11. Ẹni tí ó bá rò pé bí ọmọ bá ṣe ń gbọ́n sí i ni yóò máa fi irú yíyàn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ yóò rí i pé ṣe ni ó ń le sí i.

Ohun tí àwọn àgbà sábà máa ń sọ ni pé bí Ọlọ́run ṣe dá wọn nìyẹn, òótọ́ sì wà níbẹ̀ dé àyè kan. Àwọn ọmọbìnrin kan wà tí a bí pẹ̀lú àìsàn tí ó ń mú kí ara wọn pèsè họ́mọ̀nù akọ ju bí ó ti yẹ lọ láti inú oyún. Ní ọdún 1992, Sheri Berenbaum àti Melissa Hines rí i pé irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 3 sí 8, máa ń pẹ́ nídìí mọ́tò ìṣeré ju àwọn ọmọbìnrin mìíràn nínú ẹbí wọn lọ. Eré ìjàkadì náà, èyí tí ọmọ ń fi ẹ̀rín ṣe láìsí ìbínú, wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọmọkùnrin ju láàárín àwọn ọmọbìnrin lọ. Ṣùgbọ́n ìṣirò gbogboògbò ni èyí. Ọmọbìnrin tí ó mọ bọ́ọ̀lù gbá ju àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lọ kò ṣọ̀wọ́n, èmi kò sì rí ìdí tí a ó fi máa pè é ní obìnrin-bí-ọkùnrin bí ẹni pé àléébù wà lára rẹ̀.

Ọwọ́ àwa àgbà náà kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Caroline Smith àti Barbara Lloyd gbé ọmọ ọwọ́ fún àwọn ìyá kan láti bá ṣeré, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1978. Wọ́n lè wọ aṣọ ọkùnrin fún ọmọ náà, wọ́n sì lè wọ aṣọ obìnrin fún un, ohun yòówù tí ó jẹ́. Ìyá tí ó bá gbà pé ọkùnrin ni yóò sábà na ohun ìṣeré tí ó dà bí òòlù sí i. Èyí tí ó bá gbà pé obìnrin ni yóò na ọmọláńgidi sí i. Ní Ẹ̀pẹ́, iṣẹ́ òòjọ́ ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Ọmọbìnrin tí ó ń bá ìyá rẹ̀ lọ sí Ọjà Olúwo, níbi tí obìnrin ti pọ̀ nídìí ẹja, yóò to ewé sórí páálí bí ó bá délé, yóò máa ná an, yóò sì máa fi ènì sí i; ọmọkùnrin tí bàbá rẹ̀ jẹ́ apẹja yóò mú igi, yóò máa fi tu ọkọ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Iṣẹ́ tí a bá gbé lé ọmọ lọ́wọ́ sì lè yí ìwà rẹ̀ padà. Láàárín àwọn Luo ní Kẹ́ńyà, Carol Ember kọ ọ́ ní ọdún 1973 pé àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ ilé tí a mọ̀ mọ́ ọmọbìnrin kì í jàgídíjàgan tó àwọn yòókù, àní nígbà tí wọn kò sí lẹ́nu iṣẹ́ náà.

Síbẹ̀, lójú tèmi, àlàyé tí ó wúlò jù ni èyí tí Maccoby tẹnu mọ́: bí a bá wo ọmọ kọ̀ọ̀kan ní òun nìkan, ìyàtọ̀ tí a ó rí kò fi bẹ́ẹ̀ tó nǹkan, ìgbà tí ó bá bọ́ sáàárín ẹgbẹ́ ni ìyàtọ̀ náà ń yọjú. Ní ọdún 1978, òun àti Jacklin kó àwọn ọmọ tí wọ́n jẹ́ nǹkan bí oṣù 33, tí wọn kò mọra rí, sínú yàrá ní méjì-méjì. Àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ọkùnrin tàbí tí wọ́n jọ jẹ́ obìnrin dá sí ara wọn púpọ̀, ìbáà jẹ́ ní ti eré tàbí ní ti jíjà sí ohun ìṣeré. Nígbà tí a fi ọmọbìnrin sọ́dọ̀ ọmọkùnrin, ọmọbìnrin sábà máa ń dúró wò ó lásán. Ìdí kan tí wọ́n rí ni pé bí ọmọkùnrin bá ní kí ẹnì kejì rẹ̀ má ṣe nǹkan, yálà ọkùnrin ni ẹni náà tàbí obìnrin, a máa gbọ́. Bí ọmọbìnrin bá sọ bẹ́ẹ̀, ọmọbìnrin bíi tirẹ̀ a máa gbọ́, ṣùgbọ́n ọmọkùnrin kì í kà á sí. Ẹni tí a kò bá gbọ́ tirẹ̀ nídìí eré yóò wá ibòmíràn lọ, kódà bí ó bá fẹ́ràn eré náà.

Èyí ni ó fà á tí ìyapa náà fi ń le níbi tí àwọn ẹgbẹ́ bá pọ̀ sí, bí ilé-ẹ̀kọ́, tí ó sì ń rọ̀ nínú agbo ilé tí ọmọ kò ti pọ̀, níbi tí ẹ̀gbọ́n obìnrin ti lè pàṣẹ fún àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tí ẹni tí ó bá sì kọ̀ yóò dá nìkan ṣeré. Olùkọ́ náà lè dín in kù fún ìgbà díẹ̀. Ní ọdún 1977, Lisa Serbin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí àwọn olùkọ́ jẹ́léósinmi máa yin àwọn ọmọ tí wọ́n bá rí tí ọkùnrin àti obìnrin jọ ń ṣeré. Irú eré bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dáwọ́ ìyìn dúró, àwọn ọmọ náà padà sí bí wọ́n ti wà tẹ́lẹ̀.