Ẹ Yé Bú Ayé, Ẹ Yẹ Òdòdó Elégédé Yín Wò

Òjò ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kì í tíì fìdí múlẹ̀ ní Òṣogbo tí ẹjọ́ elégédé fi ń dé: “Ó tanná rẹpẹtẹ, òdòdó já dànù, kò so ẹyọ kan.” Ẹni tó gbé ẹjọ́ wá ti mọ ẹni tó ṣe é. Àwọn tó ń dáko sẹ́yìnkùlé ní Òkè-Fìà á ní ojú aládùúgbò ni. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ti sanwó fún baba kan tó ní òun máa ri nǹkan mọ́ ìdí rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ yí òdòdó yẹn wò ná.

Akọ àti abo kì í gbé inú òdòdó kan náà lára elégédé. Akọ ló máa ń ṣáájú, nígbà mìíràn pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọrùn rẹ̀ gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀. Ti abo kúrú, elégédé kékeré bí orí àtàǹpàkò sì ti wà lábẹ́ rẹ̀ kó tó là rárá: ilé ọmọ nìyẹn. Èyí tó ń já dànù níbẹ̀rẹ̀, akọ ni. Iṣẹ́ òwúrọ̀ kan péré ló wá ṣe. Tó bá di ọ̀sán, ó ti padé. Ewé òdòdó aláwọ̀ ìyeyè yẹn, ìpolówó ọjà lásán ni, n ò ní í fi àkókò ṣòfò lórí rẹ̀.

Àtíkè tó wà lórí ọ̀pá àárín akọ gbọ́dọ̀ dé ẹnu abo. Ẹnu náà pín sí mẹ́ta, ó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Hóró àtíkè á hù níbẹ̀, á ta okùn tín-ín-rín gba ọ̀fun abo wọ ilé ọmọ. Hóró kan, kóró kan. Bí èyí tó dé kò bá tó, èso á wọ́, tàbí kó pọ́n láti ìdí, kó jẹrà. Ẹ̀ ń pè é ní èèdì! Irun àgbàdo náà nìyẹn: fọ́nrán tí àtíkè kò bá bà lé, àyè rẹ̀ á ṣófo lára ṣùkù.

Àtíkè elégédé wúwo, atẹ́gùn ò lè gbé e. Oyin ni alárenà. Láti aago mẹ́fà sí mẹ́wàá òwúrọ̀ ni ọjà yìí fi ń ná, aago méje gan-an lẹ̀yin náà sì ń pọn ẹ̀rọ oògùn kòkòrò. Oògùn ò dá kòkòrò tó ń jẹ ewé mọ̀ yàtọ̀ sí oyin. Ẹ ti pa alárenà, ẹ wá ń bèèrè ọmọ lọ́wọ́ ìyàwó! Lẹ́yìn aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fín in, nígbà tí òdòdó ti padé, tí oyin ti relé, tí atẹ́gùn ò sì fẹ́. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára igò ni kí ẹ bù. Ìdérí kan tí ẹ fi ṣe ènì kò ní kí kòkòrò kú lẹ́ẹ̀mejì. Bí ihò ara ewé ò bá ju mélòó kan lọ, ẹ tiẹ̀ gbé ẹ̀rọ yẹn sílẹ̀.

Níbi tí oyin ti wọ́n, ẹ fọwọ́ ṣe é kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Ẹ já akọ tó là láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹ ya ewé rẹ̀ kúrò, ẹ fi ìka kàn án: tí ìka bá pọ́n, àtíkè wà. Ẹ rọra fi ra ẹnu abo, kó kan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Akọ kan tó abo méjì sí mẹ́ta. Láàárín ọjọ́ bíi márùn-ún, elégédé kékeré yẹn á ti máa wú. Tó bá ń pọ́n, kò mú.

Ẹ̀yin tó ń kan ìṣó mọ́ ìbẹ́pẹ kó lè so, ojú egbò lẹ̀ ń ṣí fún ìdíbàjẹ́. Ní ti ìbẹ́pẹ, igi kan lè jẹ́ akọ, kí òmíràn jẹ́ abo. Igi akọ fi òdòdó rọ̀ lórí ọ̀pá gígùn. Ti abo jókòó ti ara igi. Ẹni tó bá ní òun ń ta kóró abo nìkan ní Ọjà Ọba ń jẹ owó yín, ojú kì í dá kóró mọ̀. Ẹ gbin mẹ́ta sí mẹ́rin sí ihò kan, ẹ dúró kó rudi, kí ẹ tó fa èyí tí ẹ kò fẹ́ tu. Akọ kan fún abo bíi mẹ́wàá ni kí ẹ dá sí.