Ènìyàn Kòkòrò Nínú Ìtàn: Inú Ara Ni Kí Ẹ Ti Bẹ̀rẹ̀

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ ìtàn àròsọ àti àwọn tó ń ya àwòrán ìtàn máa ń wá bá àwa tí a fi ìmọ̀ kòkòrò ṣiṣẹ́ ṣe, pé kí a bá wọn wo ẹ̀dá tí wọ́n dá: ènìyàn ní ìdúró, kòkòrò ní ìrísí. Ohun tí mo sábà máa ń rí ni ènìyàn gidi tí wọ́n fi ìwo tẹ́ẹ́rẹ́ méjì sí lórí, tí wọ́n so ìyẹ́ mọ́ lẹ́yìn. Ó ń gbéyàwó bíi tiwa, ó ń jagun bíi tiwa, ó ń sìnkú bíi tiwa. Ó máa ń dùn mí, nítorí kòkòrò tó ń rìn kiri nínú ilé wa ní ohun ìyanu tó ju èyí lọ fíìfíì. Ẹ jẹ́ kí a dá ẹ̀yà kan, kí a pè wọ́n ní Ọmọ Ọ̀gán, kí a sì jẹ́ kí àṣà wọn ti inú ara wọn jáde.

Ìwọ̀n ara ni ìṣòro àkọ́kọ́. Bí a bá mú ikán tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 1, tí a fẹ́ kó ga tó mítà 1.5, ìlọ́po 150 nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìwúwo rẹ̀ yóò di ìlọ́po 3,375,000, nítorí pé bó ṣe ń gùn ló ń fẹ̀, ló sì ń ki. Agbára ẹsẹ̀ tó máa gbé e kò ní í ju ìlọ́po 22,500 lọ, nítorí fífẹ̀ àti kíki ẹsẹ̀ nìkan ló ń fún un lágbára, gígùn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ẹsẹ̀ yẹn á kán. Èémí ńkọ́? Kòkòrò kò ní ẹ̀dọ̀fóró. Ihò wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, tó sì ń gba ọ̀nà tóóró-tóóró dé ibi gbogbo. Ó ṣòro kí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ tó fún ara ńlá. Meganeura, mọ̀lẹ́bí lámilámi tó gbé ayé ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 300 ọdún sẹ́yìn, fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 70 láti ṣóńṣó ìyẹ́ kan dé ìkejì, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé ọ́síjìn tó pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ ìgbà náà wà lára ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe. Nítorí náà, ẹ fún Ọmọ Ọ̀gán ní ẹ̀dọ̀fóró, kí ẹ fi egungun sí i nítan, kí ẹ sì fi karawun bò ó lóde.

Karawun yìí gan-an ni ìtàn wà. Kì í dàgbà pẹ̀lú ara, nítorí náà kòkòrò ní láti bọ́ ọ sílẹ̀. Ẹ ti lè rí aáyán funfun báláú rí nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Àwọn kan á ní àfín ni, àwọn mìíràn á ní wọ́n rán an sí wọn ni. Rárá o. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ karawun ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ́kọ́ là, ó fa ara rẹ̀ yọ, ó gbé afẹ́fẹ́ mì kí ara lè fẹ̀ kí tuntun tó le. Láàárín wákàtí mélòó kan, àwọ̀ rẹ̀ á padà. Kó tó padà, eèrà lásán lè fà á ya. Ikán náà ń bọ́ karawun bẹ́ẹ̀, torí mọ̀lẹ́bí aáyán ni.

Ẹ wá wo ohun tí èyí á ṣe sí ìlú kan. Ọmọ Ọ̀gán kò ní í fi ọdún ka ọjọ́ orí. Iye karawun tó ti bọ́ ni yóò kà, àwọn tó sì jọ bọ́ ẹ̀ẹ̀kẹta ni ẹgbẹ́. Ilé òkùnkùn kan gbọ́dọ̀ wà fún ẹni tó ń bọ́ karawun, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbé ohun ìjà wọ̀. Ẹni tó ṣọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ara rẹ rọ̀, o jẹ ẹ́ ní gbèsè títí ayé. Karawun àtijọ́ ńkọ́? Aáyán máa ń jẹ tirẹ̀. Ọmọ Ọ̀gán lè jẹ ẹ́, ó sì lè gbé e kọ́ sára ògiri bí a ṣe ń gbé fọ́tò kọ́.

Ó tún ku èyí tí àwọn òǹkọ̀wé kì í fẹ́ràn láti gbọ́. Aáyán tó bá pàdánù ẹsẹ̀ ní kékeré lè hu òmíràn nígbà tó bá bọ́ karawun. Èyí tó ti dàgbà kì í bọ́ ọ mọ́, nítorí náà ohun tó bá kán lára rẹ̀ kán pátápátá. Tí a bá tẹ̀lé èyí, àwọn ọmọ ni ìlú yìí yóò máa rán lọ sójú ogun, àwọn àgbà á sì jókòó sílé. Ẹ má sá fún un. Ẹ kọ ìyá tó ń rán ọmọ lọ.

Nípa ikú, òórùn ni kí ẹ gbé e kà. Ní 1958, Edward Wilson, onímọ̀ nípa eèrà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jábọ̀ pé èròjà ọlọ́ràá bíi oleic acid ló ń jẹ́ kí eèrà mọ òkú. Nígbà tí wọ́n fi irú èròjà bẹ́ẹ̀ pa eèrà alààyè lára, àwọn eèrà yòókù gbé e lọ da síbi òkú tòun ti bó ṣe ń tapá, tó ń tasẹ̀. Ó padà wálé, wọ́n tún gbé e jáde, àfìgbà tó nu ara rẹ̀ mọ́. Ọmọ Ọ̀gán tí wọ́n bá dá lẹ́bi, kí ni wọ́n á tún fi okùn ṣe? Òróró òkú ni wọn yóò fi pa á lára.

Ní ti ìdílé, ẹ yan ẹ̀yà kan, ẹ má ṣe da oyin pọ̀ mọ́ ikán. Ẹyin tí àtọ̀ kò kàn ló ń di akọ oyin, nítorí náà kò ní bàbá, ṣùgbọ́n ó ní bàbá ìyá. Oríkì ìyá nìkan ni ẹ lè kì fún un. Àwọn òṣìṣẹ́ oyin sì jẹ́ abo láìku ẹnì kan. Ti ikán yàtọ̀: takọtabo ló ń ṣiṣẹ́, ọkọ ìyá ikán sì ń bá a gbé nínú yàrá amọ̀ kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìyá ikán yìí, a máa ń pè é ní ọba, ṣùgbọ́n ẹyin ló ń yé, kì í pàṣẹ. Ọ̀gán tó ga ju ènìyàn lọ, kò sí ẹni tó ya àwòrán rẹ̀. Ikán kan á gbé amọ̀ sílẹ̀, amọ̀ náà á mú kí òmíràn gbé tirẹ̀ lé e. Tí ogun bá fẹ́ ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn yín, ẹ má ṣe kọ ọ́ pé ọba Ọmọ Ọ̀gán ló bínú. Ẹ wá ẹni tó kọ́kọ́ gbé amọ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì ṣàlàyé ohun tó mú kí ẹnì kejì gbé tirẹ̀ lé e.